Ọnà Lára Ohun Wẹ́wẹ́ Róbótó: Àríwísí Lórí Ọgbọ́n Títẹ Ipa Iná Sára Ohun Tí Kò Tẹ́jú

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí kì í ṣe ewì, kì í sì í ṣe ìtàn àròsọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi tẹ ipa iná sára ohun tí ó kéré tí kò sì tẹ́jú: ara gíláàsì tí ó wú bí ikùn, ẹnu abẹ́rẹ́, ara fọ́nrán irun orí. Ipa iná ni a pe àwọn ilà irin tín-ín-rín tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbà kọjá nínú rédíò, fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe eré. Ara ènìyàn kò tẹ́jú níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹyinjú, iṣan àti etí. Bí àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ Sensimed ní orílẹ̀-èdè Switzerland ṣe awẹ́ rírọ̀ kan tí a ń fi lé orí ẹyinjú fún wákàtí 24, láti máa ṣọ́ bí ìrísí ojú ṣe ń yí padà lára ẹni tí ó ní àrùn gulokóómà. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní ọdún 2016. Àrùn yìí wà lára àwọn tí ń fọ́ ènìyàn lójú jù lọ ní Nàìjíríà.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ni a ti ń gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí kalẹ̀. Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹni tí ó bá ń fi àwòrán sára ohun tí kò tẹ́jú, iṣẹ́ ọnà ni ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ni yóò gba orí àwòrán náà kọjá. Yorùbá sì ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára igbá àti lára adé tipẹ́tipẹ́. Kí a má baà ṣì wá gbọ́, a kò sọ pé àwọn baba ńlá wa mọ iṣẹ́ ẹlẹ́tírọ́níìkì kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ ọlọ́nà àti onímọ̀ ẹ̀rọ, àti pé ẹni tí ó ti ń bá ìṣòro kan wọ̀yá ìjà fún ìgbà pípẹ́ ní òṣùwọ̀n tí ó lè fi wọn ìjàkadì ẹlòmíràn.

Èrò wa ni pé àwọn ọgbọ́n tí a fẹ́ yẹ̀ wò ti yanjú ìṣòro lílẹ̀mọ́ra dé ààyè kan, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọbi ara sí ìṣòro títúnṣe. Ní ibi tí àwa ti ń wò ó, èyí ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìṣòro kejì yìí ni ó wúwo jù.

2.0 Ìdí tí ohun pẹrẹsẹ fi ń kọ ara róbótó

Bí a bá mú abala bébà kan, tí a fi wé ìgò, bébà náà yóò lẹ̀ mọ́ ara ìgò láìká. Bí a bá fi bébà kan náà wé agbálùmọ̀, yóò hunjọ. Bí a bá sì fi ipá mú un, yóò ya. Apá kan ṣoṣo ni ìgò gbà yí, ṣùgbọ́n gbogbo apá ni agbálùmọ̀ gbà yí. Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní ọdún 1827: kò sí bí a ṣe lè sọ ara ohun róbótó di pẹrẹsẹ kí ibì kan má fẹ̀, kí ibì kan má sì sún kì. Ìdí nìyí tí àwòrán ayé orí bébà kò fi lè bá ayé fúnra rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀.

Ní ti ipa iná, ìṣòro náà tún lé sí i, nítorí pé orí pẹlẹbẹ sílíkọ̀n tí ó ń dán bí dígí ni a ti ń ṣe é. Òṣìṣẹ́ a kọ́kọ́ da kẹ́míkà kan tí ó ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀ sórí pẹlẹbẹ náà, a fi ẹ̀rọ yí i kí ó lè tẹ́ dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, a tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ohun tí a ti ya àwòrán sí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn yóò yí padà. A ó fọ apá kan kẹ́míkà náà dànù. Apá tí ó kù yóò dáàbò bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ásíìdì bá ń jẹ ìyókù.

Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní pẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Aládìrẹ a fi láfún tí a sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù ya ọnà sára aṣọ funfun. Ìyẹ́ adìyẹ ni gègé rẹ̀. Nígbà tí ó bá rẹ aṣọ náà sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a tún máa gé páànù ní ọnà, wọn a sì gba ojú ihò rẹ̀ fi ẹ̀kọ sára aṣọ. Bí a bá fi iṣẹ́ méjèèjì wé ara wọn, ẹ̀kọ ni kẹ́míkà tí ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀, páànù ni àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀, aró sì ni ásíìdì. Ìlànà kan náà ni: bo ibi tí o kò fẹ́ kí nǹkan dé, kí o sì jẹ́ kí nǹkan náà dé ibi tí ó kù.

Ṣùgbọ́n orí aṣọ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni aládìrẹ ti ń ya ọnà Ìbàdàndùn. Bí a bá ní kí ó yà á sára ẹyin adìyẹ ńkọ́? Ẹ̀kọ yóò ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, páànù yóò sì kọ̀ láti tẹ̀. Bákan náà ni ti onímọ̀ ẹ̀rọ. Kẹ́míkà rẹ̀ kò ní tẹ́ dọ́gba lára ohun róbótó. Ìmọ́lẹ̀ tí ó mú ṣáṣá ní ṣóńṣó ohun náà yóò ti ṣú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà sá fún ìṣòro yìí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ara wọn.

3.0 Ọgbọ́n mẹ́rin

3.1 Fínfín tààrà

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni pé kí a má fi pẹrẹsẹ ṣe rárá. Kí a ṣe iṣẹ́ náà tààrà lára ohun róbótó. Èyí ni èrò ilé-iṣẹ́ Ball Semiconductor, tí Akira Ishikawa, ará Japan, dá sílẹ̀ ní ìlú Allen ní Texas ní ọdún 1996. Wọ́n fẹ́ máa ṣe ipa iná sára bọ́ọ̀lù sílíkọ̀n tí ìwọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 1. Bọ́ọ̀lù náà yóò máa gba inú ọ̀pá kọjá láti ìpele iṣẹ́ kan dé èkejì, kí ìyàrá ńlá olówó gọbọi tí a ń lé eruku kúrò nínú rẹ̀ má baà jẹ́ dandan mọ́. Wọ́n tún ní àǹfààní kan tí ìṣirò fi hàn: ara bọ́ọ̀lù mìlímítà 1 fẹ̀ ju ojú igun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba mìlímítà 1 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Afíngbá ará Ọ̀yọ́ ni ọgbọ́n yìí mú wá sí wa lọ́kàn. Òun náà kì í ya ọnà síbì kan kí ó tó gbé e wá sára igbá. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń yí igbá, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń darí ọ̀bẹ. Ìrísí igbá sì ni ó ń sọ fún un ibi tí ilà yóò gbé yà. Ìwà òtítọ́ wà nínú ọgbọ́n yìí, nítorí kò tan ara rẹ̀ jẹ pé ohun tí ó yí tẹ́jú. Ṣùgbọ́n afíngbá ní ojú àti ọwọ́ tí ń bá igbá yí. Ẹ̀rọ tí yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ara bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹ̀wà funfun, tí yóò sì tún un ṣe ní ìpele-ìpele kí àwòrán kan má baà ṣì lórí èkejì, iṣẹ́ ńlá ni. Pẹlẹbẹ sílíkọ̀n kò tíì kúrò lórí oyè títí di òní.

3.2 Òǹtẹ̀

Ọgbọ́n kejì ni òǹtẹ̀. Ní Yunifásítì Harvard, George Whitesides àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi róbà rírọ̀ ṣe òǹtẹ̀ tí ọnà ara rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí. Wọ́n fi kẹ́míkà kan pa á lára bí ìǹkì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú wúrà. Ibi tí kẹ́míkà náà bá kàn kò ní jẹ́ kí omi tí ń jẹ irin rí wúrà jẹ. Ní ọdún 1995 ni wọ́n fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé òǹtẹ̀ náà lè ṣiṣẹ́ lára gíláàsì tí kò tẹ́jú, nítorí pé róbà a máa tẹ̀ bí ohun tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ bá ṣe rí.

Ẹni tí ó bá mọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń tẹ ọnà sára aṣọ yóò rí i pé iṣẹ́ kan náà nìyí tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Níbẹ̀, ara irin róbótó ni a fín ọnà sí, irin náà ni ó sì ń yí gba orí aṣọ pẹrẹsẹ kọjá. Níhìn-ín, a fẹ́ kí pẹrẹsẹ tẹ róbótó. Ohun tí a rí bí àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni òǹtẹ̀ dára. Ẹ̀rọ ẹlẹ́tírọ́níìkì kì í sábà jẹ́ ìpele kan. Ìpele kan a máa gun orí èkejì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Róbà tí ó ti fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀kejì. Àánú rẹ̀ ni ìjàǹbá rẹ̀: bí ó ṣe ń gba ara fún ohun tí ó yí ni ó ṣe ń yí ọnà tí a rán an padà.

3.3 Ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú

Ọgbọ́n kẹta ni ó wú wa lórí jù. Ní ọdún 2008, nínú ìwé ìròyìn Nature, John Rogers àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ṣàlàyé kámẹ́rà kan tí inú rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹyinjú. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn ojú wẹ́wẹ́ sílíkọ̀n 256, ní ìlà 16 lọ́nà 16, lórí pẹrẹsẹ, wọ́n sì fi okùn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ojú kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na róbà kan tí ìrísí rẹ̀ jọ ààbọ̀ agbè títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì gbé àwọn ojú náà lé e. Nígbà tí wọ́n tú róbà náà sílẹ̀, ó padà sí ìrísí rẹ̀. Àwọn ojú sílíkọ̀n kò fọ́, nítorí pé àwọn okùn tí ó wà láàrin wọn ni ó gbé ara sókè bí afárá tí wọ́n sì gba ìnira náà mọ́ra.

Bí a ṣe ń ṣe adé ìlẹ̀kẹ̀ nìyí. A ó kọ́kọ́ ṣe egungun adé, a ó fi aṣọ tí a ti fi sítáàṣì mú le bò ó, a ó wá máa sín ìlẹ̀kẹ̀ sínú òwú, a ó sì máa rán òwú náà mọ́ ara adé ní ìlà-ìlà. Ìlẹ̀kẹ̀ le, kò ṣe é tẹ̀. Òwú rọ̀, kò lè dán. Bí a bá fi awẹ́ gíláàsì ńlá kan ṣoṣo bo orí adé, yóò fọ́. Bí a bá fọ́ gíláàsì náà sí wẹ́wẹ́ tí a sì fi òwú so ó pọ̀, kò sí orí tí kò ní gbà á. Ìlànà tí ó wà nínú iṣẹ́ àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ni ìlànà tí ó wà nínú kámẹ́rà Illinois: kí ohun líle kéré, kí ohun rírọ̀ so ó pọ̀, kí ohun rírọ̀ náà sì jẹ gbogbo ìyà yíyí.

3.4 Ṣúgà

Ọgbọ́n kẹrin ni ó tuntun jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gary Zabow, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní àjọ òṣùwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí NIST, ni ó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 2022. Ó ti máa ń fi ṣúgà líle gbé àwọn ìdá wẹ́wẹ́ tí ó ní agbára òòfà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìṣègùn, tí àwọn náà yóò fi omi yọ́ ṣúgà náà dànù. Ní ọjọ́ kan, ó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ife oníke. Ṣúgà náà sì yọ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ife. Nígbà tí ó fi omi ṣàn án, ó rí àwọ̀ òṣùmàrè ní ìdí ife. Àwọn ìdá náà kò túká; wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ife gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ tẹ́lẹ̀.

Láti inú àṣìṣe yìí ni ọgbọ́n náà ti jáde. A ó ṣe ọnà sórí pẹrẹsẹ. A ó da ṣúgà tí a pò mọ́ ṣúgà olómi àgbàdo lé e lórí. Bí ó bá gbẹ, yóò ká ọnà náà nílẹ̀. A ó gbé e sórí ohun tí ó yí, a ó fún un ní ooru díẹ̀. Yóò yọ́, yóò sì ṣàn tẹ̀ lé ìrísí ohun náà. A ó wá fi omi fọ̀ ọ́. Ṣúgà yóò lọ, ọnà yóò kù. Ní ọ̀nà yìí ni Zabow fi kọ orúkọ àjọ rẹ̀ ní wúrà sára fọ́nrán irun orí ènìyàn kan.

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ àdìrẹ yóò tún rí ẹ̀kọ níhìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ipò adáàbòboni mọ́. Ìwà kan náà ni wọ́n pín: àwọn méjèèjì wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì lọ. A kì í rí ẹ̀kọ lára àdìrẹ tí ó ti parí. A kì í rí ṣúgà lára irun náà. Alárinà tí kò jókòó ti ìyàwó ni wọ́n.

4.0 Òṣùwọ̀n

Báwo ni kí a ṣe dá ẹjọ́ àwọn ọgbọ́n mẹ́rin yìí? Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, inú èdè wa sì ni a ti mú méjèèjì.

Ìbéèrè kìíní jẹ mọ́ ọnà àti ọ̀nà. Ohùn fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: ohùn àárín ni ti ọnà, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ọ̀nà. Ipa iná jẹ́ méjèèjì pọ̀. Ọnà ni, nítorí pé àwòrán ni a yà. Ọ̀nà ni, nítorí pé ohun kan gbọ́dọ̀ gbà á kọjá. Níbí ni iṣẹ́ aládìrẹ àti ti onímọ̀ ẹ̀rọ ti pínyà. Ẹ̀kọ tí ó sán díẹ̀, tí aró sì gba ojú sísán náà wọlé, a lè kà á kún ẹwà aṣọ. Ṣùgbọ́n ipa iná tí ó bá sán ti di òkú. Ọnà tí ó bá yẹ̀ ṣì lè wu ojú. Ọ̀nà tí ó bá já kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Nítorí náà, kò tó kí a wí pé ọnà lẹ̀ mọ́ ara ohun róbótó. Ó yẹ kí a bèèrè bóyá ó dé ibẹ̀ ní pípé. Lórí ìbéèrè yìí, ìlẹ̀kẹ̀ àti ṣúgà ni wọ́n gba ipò iwájú. Ìlẹ̀kẹ̀ yọ̀ǹda pé kí ibì kan fẹ̀, ó sì ti ṣètò ibi tí yóò fẹ̀. Ṣúgà jẹ́ kí ọnà náà rọra wọlẹ̀ dípò kí a fi agbára tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, lára ohun róbótó gidi, òfin Gauss kò yọ ṣúgà sílẹ̀.

Ìbéèrè kejì jẹ mọ́ tú àti tún. Fáwẹ́lì àìránmúpè ni ó wà nínú ti ìṣáájú, aránmúpè ni ó wà nínú èkejì; kò sí ìyàtọ̀ mìíràn. Èrò wa ni pé ìṣesí wọn sún mọ́ra bí ìró wọn. Ohun tí a kò bá lè tú, a kò lè tún un ṣe. Òwú adé tí ó bá já, a ó tú ìlà náà, a ó tún un sín. Igbá tí ó bá sán, a ó lu ihò sí etí ojú sísán náà, a ó fi òwú rán an. Aṣọ àdìrẹ tí ó bá ṣá, a ó tún un rẹ sínú aró. Ọlọ́nà Yorùbá kò ka iṣẹ́ sí ohun tí ó parí ní ọjọ́ tí ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí ìbéèrè kejì yìí, ọgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń gbóríyìn fún ni bí ọnà ṣe kéré tó àti bí ó ṣe lẹ̀ mọ́ra tó. A kò fi èyí bú wọn ní ti awẹ́ ojú tí a ń lò fún ọjọ́ kan tí a sì ń sọ nù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun róbótó ni a ń rà láti sọ nù.

5.0 Ọ̀rọ̀ dé Òṣòdì

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí, pé irun tí a kọ wúrà sí kò tíì dé Òṣòdì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ipa iná ara ohun tí kò tẹ́jú ti wà ní Òṣòdì tipẹ́, inú fóònù ni ó fara pamọ́ sí. Eríàlì ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù kì í ṣe ọ̀pá mọ́. Ilà bàbà ni, tí a tẹ̀ sára oníke inú ẹ̀yìn fóònù níbi tí oníke náà ti ṣẹ́ kọ́nà. Ilé-iṣẹ́ LPKF ní Jámánì ni ó sọ ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí a fi ń ṣe é di gbajúmọ̀. A pò èròjà onírin kan mọ́ oníke. A fi ìmọ́lẹ̀ lésà fa ilà sára rẹ̀. Nígbà tí a bá rì í sínú omi bàbà, ibi tí lésà fà nìkan ni bàbà yóò lẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá jókòó ti atúnfóònùṣe fún wákàtí kan yóò rí ìyàtọ̀ tí à ń sọ. Bí ohun tí ó bàjẹ́ bá wà lórí pátákó pẹrẹsẹ inú fóònù, ọ̀gá náà yóò fi awò gbé e tóbi, yóò fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ ohun tí ó kú, yóò fi èyí tí ó yè dípò rẹ̀. Bí ipa iná pátákó bá já, yóò fa wáyà tí ó tín-ín-rín bí irun láti etí kan dé èkejì. Ó lè tú u, nítorí náà ó lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ilà ara oníke bá họ, ohun tí ó sábà kù fún un ni kí ó wá òkú fóònù kan, kí ó bọ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó gbé e wọ ti alààyè. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ etí láti fi gbọ́ orin tún burú ju èyí lọ. Ó kéré, ó yí, gọ́ọ̀mù ni a sì fi sé e pa. Nígbà tí bátìrì inú rẹ̀ bá kú, ọ̀pọ̀ ni a ń sọ nù láìtíì tú u rí.

Ohun tí ó wà nínú ewu níhìn-ín ju owó lọ. Iṣẹ́ títúnṣe ní Òṣòdì jẹ́ ilé-ìwé. Ọmọ tí kò rí yunifásítì wọ̀ a lọ kọ́ṣẹ́. Nípa títú ohun tí ó bàjẹ́ ni yóò fi mọ bí ohun tí ó dára ṣe rí. Àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ti fara da ohun púpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Owónífárí ní Òṣòdì, wọ́n sì ní kí àwọn ọlọ́jà lọ sí Ìsọpákódowó ní Bọ́ládé. A lè wó ìsọ̀. Oníṣẹ́ tí ó ní tábìlì, awò àti irin ìjó yóò tún tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a gbé wá síwájú rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí kò ṣe é tú, kò sí ìsọ̀ tí a lè fún un tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ọmọ iṣẹ́ ń gbà mọ inú ẹ̀rọ yóò dí.

Ìsọlọ̀ ti fi irú àtubọ̀tán bẹ́ẹ̀ hàn wá. Ọjà Àswánì tí a ń ná ní ọjọọjọ́ Tuesday gba orúkọ rẹ̀ lára ilé-iṣẹ́ aṣọ kan. Ilé-iṣẹ́ náà kò hun aṣọ mọ́. Ọjà ni ó kù. Nígbà tí ibi tí a ti ń ṣe nǹkan bá di ibi tí a ti ń tà á nìkan, ìmọ̀ bí a ṣe ń ṣe é a máa bá àwọn àgbà oníṣẹ́ lọ. Títúnṣe ni okùn kan ṣoṣo tí ó so ẹni tí ń ra ohun ẹlẹ́tírọ́níìkì ní Èkó mọ́ ìmọ̀ bí a ṣe ṣe é. Bí okùn yìí bá já, a ó di arajà lásán.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ohun tí ọgbọ́n ṣúgà fi dára fún wa. A kò lè ṣe ọnà pẹrẹsẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láìsí ìyàrá aláìléruku àti ẹ̀rọ olówó ńlá. Ṣùgbọ́n ìpele ìkẹyìn, èyí tí í ṣe dída ṣúgà, yíyọ́ ọ àti fífi omi fọ̀ ọ́, kò kọjá agbára ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ní iná àti máíkírósíkóòpù. Ṣúgà olómi tí à ń yọ láti ara sítáàṣì àgbàdo, a lè yọ irú rẹ̀ láti ara sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, wà ní Òṣòdì níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti gaàrí sì wà lára ohun tí ó mọ̀ dunjú jù. A kò sọ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ipa iná lọ́la. Ohun tí a sọ ni pé ibi tí a ti mọ ìwà sítáàṣì dáadáa kò jìnnà sí ibi tí a ti ń tún fóònù ṣe, kò sì sí ẹni tí ó tíì fi ọ̀nà so wọ́n pọ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti wo ọgbọ́n mẹ́rin tí a fi ń tẹ ipa iná sára ohun wẹ́wẹ́ róbótó, a sì ti fi iṣẹ́ afíngbá, alásínlẹ̀kẹ̀ àti aládìrẹ wọ̀n wọ́n. A gbà pé ọgbọ́n ńlá ni gbogbo wọn. A rí i pé ṣúgà ni ó rọ̀ jù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù: òwú tí ó jẹ́ kí adé gba orí ni ó tún jẹ́ kí a lè tú adé náà. Kò pọn dandan kí ohun tí ó lẹ̀ dáadáa jẹ́ ohun tí kò ṣe é yọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń wá ọgbọ́n karùn-ún, ìbéèrè kan ni a fi ránṣẹ́ sí wọn láti Òṣòdì. Nígbà tí ẹ bá ti tẹ ọnà yín tán, tí ó sì lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, níbo ni ẹ fi orí òwú sí, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u?